Méjìdínlọ́gọ́ta: Ọdún Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Wíwọn Ẹ̀jẹ̀

"Tàntí, ẹ má wo nọ́ńbà yẹn. Máṣíìnì ti fi ìràwọ̀ sí i. Tó bá ti fi ìràwọ̀ sí nǹkan, irọ́ ni."

Ràfíátù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá, nínú yàrá tí èmi náà ti wọn ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òun ló gba ipò mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ iyì àgbà. Ìwé tó mú dání jẹ́ èsì ẹ̀jẹ̀ Àyìnlá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ tí Àdùkẹ́ ọmọ mi bí. Níbi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n apá pupa inú ẹ̀jẹ̀ sí, 58 ló wà níbẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí máṣíìnì tuntun náà ń fún ẹni tó ń lò ó nìyẹn.

Ràfíátù ti ṣí bíírò rẹ̀. "Ọmọ tó ń sáré kiri níta yìí? Méjìdínlógójì ló máa jẹ́. Ṣé kí n kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo wá àga, mo jókòó. Ràfíátù kò mọ ohun tó sọ. Èmi náà ti rí 58 rí, mo sì ti kọ 38, nínú yàrá kan náà, síwájú orúkọ ọmọ tí mo fi inú mi bí.

Mo ní, "Ràfíátù, gbé bíírò yẹn sílẹ̀ ná."

Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní, "Tàntí, ṣé iṣẹ́ lábò dáa?" Lábò ni à ń pe yàrá tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ fúnra yín pinnu.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn púpọ̀. Mo jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá mi tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Lagbé kò lágbára àtirán mi síwájú, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìfànyìn sì ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń wá. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Adéṣínà, ará Daagbé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí bọ́tìnì kan ṣí lára aṣọ funfun rẹ̀, ooru ìbáà mú tó báwo. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ gíláàsì lábẹ́ ojú rẹ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gbé e sókè sí fèrèsé, yóò di ojú kan.

"Ta ló fi àtàǹpàkò jẹun síbí yìí?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

"Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa kan ibẹ̀ lo ṣẹ̀. Tún un fọ̀."

Mo sunkún nítorí ọkùnrin yìí ju bí mo ṣe sunkún nítorí ọkọ tí mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló sì fi ẹ̀sọ̀ sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ló tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi nìyí: bí a bá gbé ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀, apá pupa máa ń rì sísàlẹ̀, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo ṣe ń rì sí ìdí agbè. Nítorí náà, kí a tó fa nǹkan kan nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ dojú ìgò náà dé, kí a tún gbé e ró, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀méje. A kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Ó máa ń sọ pé, "Bí o bá fa tòkè, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ á kéré. Bí o bá fa tìsàlẹ̀, á pọ̀. Irọ́ ni méjèèjì, ìwọ lo sì pa á."

Ẹ̀kọ́ kejì dá lórí gọ́ọ̀mù tí mo fi ń pa ìwé rẹ́. Ó rí i nínú àpò mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n mú un wá.

"Kí ni eléyìí ń ṣe?"

"Ó ń pa àṣìṣe rẹ́, Ọ̀gá."

"Àṣìṣe kì í parẹ́. Ṣe ló máa ń sá pamọ́." Ó jù ú sínú garawa omi Javel tí a fi ń pa kòkòrò. "Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí a lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o fọwọ́ sí i. Ohun tí o rí ni kí o kọ. Bí kò bá yé ọ, tún un ṣe. Àbá kì í ṣe wíwọ̀n."

Mo mọ gbólóhùn yẹn lórí bí àdúrà. Ẹ máa fi sọ́kàn, nítorí mímọ̀ ọ́n lórí kò gbà mí lọ́jọ́ tó yẹ kó gbà mí.

N ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irinṣẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń wọ̀n. A máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì kan tó tín-ín-rín bí eegun ẹja, a ó fi amọ̀ dí ìdí rẹ̀, a ó sì fi ẹ̀rọ yí i lọ́nà tó yára gidigidi. Bó bá dúró, apá pupa á ti kórajọ sí ìsàlẹ̀, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè á wà lókè. A ó gbé e lé orí rúlà, a ó wo iye tí apá pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọdé tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 34 sí 40.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ la fi ń yí ẹ̀rọ náà. A fi irin dè é mọ́ etí tábìlì, èmi ni mo sì ń yí i. Àwọn obìnrin tó gbé ọmọ wá máa ń yọjú wọlé. "Ìyàwó, ṣé ata lò ń lọ̀ níbẹ̀ ni? Bù díẹ̀ fún wa o!" Lẹ́yìn náà ni ti iná mànàmáná dé. Òun kì í jẹ́ kí apá ro ni, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, máṣíìnì kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan, tó sì ń tẹ èsì ogún jáde sórí ìwé kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Mi ò bá a jà. Ohun tó dáa, ó dáa.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ohun kan náà ni mo ń rí lójoojúmọ́: àìtó ẹ̀jẹ̀. Ibà ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Wọ́n á gbé wọn wá láti Tchaada, láti oko, àtẹ́lẹwọ́ wọn á funfun bí ẹ̀kọ. 18. 15. Mo ti rí ìyá tó ń sáré láti yàrá kan dé èkejì, tó ń bẹ ẹni tí kò mọ̀ rí pé kó jọ̀ọ́ fún ọmọ òun ní àpò ẹ̀jẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò rí ọmọdé kan tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí nínú orí mi pé irú rẹ̀ wà.

Àdùkẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, mo sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni gbé ẹyin lórí. Bó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé ìwọ̀n ooru sí i lábíyá. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ẹ tún fẹ́ wọ̀n mí bíi gàrí. Ẹ ṣáà má gbàgbé ẹ̀ẹ́nì."

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Bó bá sáré níbi eré ìdárayá, òòyì á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á pọ́n. Mo mú un lọ sí lábò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ọ̀gá Adéṣínà lọ sí Àjàṣẹ́. Àdùkẹ́ kórìíra abẹ́rẹ́. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó sunkún títí èmi náà fi ń sunkún. Mo fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Mo yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo yí i nínú ẹ̀rọ. Mo gbé e lé rúlà.

58.

Mo nu ojú mi, mo tún un wò. 58. Mo ní amọ̀ ìdí rẹ̀ ló jò, tí omi òkè sì ti lọ. Mo ní rúlà ló yẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro: kí n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ọmọ náà ṣì ń ṣẹ́ṣẹ́ẹ̀kún lórí àga, mi ò sì lè gún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo mú bíírò, mo kọ 38 sínú kàyé, ìwé ńlá tí a ń kọ èsì gbogbo ènìyàn sí. Mo ní òun ló máa jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀jẹ̀ náà má baà wálẹ̀, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọmọ tí orí ń fọ́, mo lọ ra pòròpórò ọkà bàbà, mo sè é títí omi rẹ̀ fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, mo sì ń fún un mu láràárọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n gbé e wá bá mi láti ilé ẹ̀kọ́ lórí alùpùpù, olùkọ́ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń mì jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tó rẹ omi. Ó fẹ́ pè mí, kò lè pè mí.

Ọ̀gá Adéṣínà kò béèrè nǹkan kan. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. 60. Ó tún un fà, ó tún un wọ̀n. 60. Ó ṣí kàyé sẹ́yìn, ó rí orúkọ Àdùkẹ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kí lo kọ?"

"Méjìdínlógójì."

"Kí lo rí?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

Mo rò pé yóò lé mi lọ. Ì bá sàn kó lé mi. Ó na bíírò rẹ̀ sí mi, ó ní, "Fa ìlà kan. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Fọwọ́ sí i." Mo fa ìlà náà, mo kọ 58 sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fọwọ́ sí i. Nígbà náà ló kọ lẹ́tà, tó fi kàyé fúnra rẹ̀ sí i, tó sì bá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu.

Ní Kútọnu, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Àpò kan. Nígbà tó yá, òmíràn. Mo dúró mo ń wò ó. Ọmọ kan wà ní ibùsùn kejì tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún. Mo bẹ dókítà pé kó jọ̀ọ́, kó gbé ti Àdùkẹ́ fún un. Ó ní òfin kò gbà á, nígbà tí a kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n kó o lọ dà nù. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi wá ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ!

Dókítà náà, obìnrin ará Kétu kan, fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Bó ti dé, ó pè wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé ṣàlàyé. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èdè wa sọ ọ́. Mo fẹ́ kó yé mi délẹ̀délẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Ìyá. Ohun kan wà nínú ara tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀nì. Ìwé àṣẹ kékeré ni, tí a bí mọ́ ènìyàn. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ EPAS1. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò bá tó ara, òun ló ń jẹ́ kí ìránṣẹ́ kan lọ sọ fún kíndìnrín pé: ẹ pe ẹ̀jẹ̀ pupa wá sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tó, ara fúnra rẹ̀ á pa ìránṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́. Ti ọmọ yín, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìwé náà. Ara kò rí ìránṣẹ́ náà mú mọ́."

Mo rò ó. "Bí ẹni tí a rán kó lọ pe àwọn ènìyàn sí ọ̀wẹ̀ ni. Oko ti mọ́ tán, kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó ṣì ń kanlẹ̀kùn kiri."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Àwọn ènìyàn wá kún ọ̀nà, ọ̀nà dí. Ẹ̀jẹ̀ tó ki jù, ó dí ojú ọ̀nà kan nínú ọpọlọ rẹ̀."

Mo bi í bóyá pòròpórò mi ló fà á. Ó ní rárá, pòròpórò kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kò yẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn lọ láìtọ́jú rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì dúpẹ́ pé kò parọ́ fún mi. Ara ọmọ mi ń pariwo pé kò tó, nígbà tó ti tó. Èmi ìyá rẹ̀ náà ń pariwo pé kò tó, mo ń se pòròpórò. Àṣìṣe kan náà ni èmi àti jẹ́ẹ̀nì yẹn ṣe. Jẹ́ẹ̀nì kò ní ojú, ṣùgbọ́n èmi ní, mo sì ti rí i lórí rúlà.

Wọ́n yẹ èmi àti bàbá rẹ̀ wò, kò sí lára àwa méjèèjì. Lára Àdùkẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi gbádùn. Ẹnu rẹ̀ padà sípò kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ìka tó kéré jù kò sì tíì lágbára dòní, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni lónìí ní Daagbé, ọwọ́ yẹn ló sì fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Bí oṣù díẹ̀ bá ti lọ, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn rẹ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Adéṣínà kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n kó kàyé yẹn sọnù. Ó ṣì wà lórí pẹpẹ. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo fi ojú ewé yẹn hàn, àfi Ràfíátù, nítorí ìgbà tó dé, mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Nígbà tí Àdùkẹ́ bí Àyìnlá, dókítà ti sọ fún wa pé bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sókè ni: ọmọ náà lè ní in, ó lè má ní in. Mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Àdùkẹ́ kọ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣeré ná. Abẹ́rẹ́ ò ní sá lọ." Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń yọ́ ojú ọmọ náà wò bóyá ó pọ́n. Lóṣù tó kọjá, ó jí, ó ní orí ń dun òun. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní, "Màmá, ẹ gbé e lọ."

Bí 58 àti ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ Ràfíátù nìyẹn.

Mo gbé kàyé àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí i, mo fi ìlà tí mo fà lọ́jọ́ náà hàn án. Ó kà á. Ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà.

"Tàntí… Àdùkẹ́ yín nìyí?"

"Òun ni. Kọ́kọ́ kọ 58 yẹn sínú ìwé, tòun ti ìràwọ̀ rẹ̀. Báwo ni ìgò náà ti pẹ́ tó lórí ìdúró kó o tó gbé e sí máṣíìnì?"

"Ó máa tó wákàtí kan. Wọ́n pè mí ní ilé oògùn."

"Ṣé o yí i padà?"

"Mo rò pé máṣíìnì ló máa ń yí i."

"Èyí kì í yí nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ló ti fa tirẹ̀. Bóyá ohun tó rí nìyẹn, bóyá òun kọ́. Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Ìràwọ̀ kì í ṣe irọ́, kì í ṣe òótọ́, ìbéèrè ni. Tún un ṣe."

Mo yí ìgò náà padà fúnra mi, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, mo ń kà á sókè. Mo tún ní kó fa ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó wo ojú Àyìnlá, ó ní, "Ṣé ká tún gún un ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú. Ó ké, "Màmá àgbà, ẹ ti gbà á lẹ́ẹ̀kan! Ẹ dá a padà fún mi!" Mi ò fi apá náà sílẹ̀.

Ìgò àkọ́kọ́: 36, kò sí ìràwọ̀. Ìgò kejì: 36. Mo ní kí a gbé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde, a fi ọ̀pá gíláàsì yí i, mo gbé e lé rúlà, mo wọ ìgò ojú mi. 36.

Ibà díẹ̀ ló mú orí rẹ̀ fọ́. Wọ́n fún un ní oògùn, ó sì ti ń gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì.

Ràfíátù rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i pé mo ti ń mí. "Tàntí, mo kúkú ní méjìdínlógójì ni. Méjì péré ló fi lé!"

Mo ní, "O fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Èmi náà rò pé mo gbà á."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó mú bíírò, ó fa ìlà kan ṣoṣo lé 58, ó kọ 36, ó fọwọ́ sí i.

Dókítà tó ń rí sí Àdùkẹ́ ní Kútọnu ní inú òun dùn sí nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n kí a máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún títí yóò fi dàgbà, àti pé òun yóò fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n wo jẹ́ẹ̀nì náà gan-an. À ń retí ìwé yẹn. Ní báyìí, mò ń sùn, ohun tí mi ò ṣe dáadáa láti ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dáa: ó dáa. Kò ní sọ yín di olówó, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ orúkọ yín. Bí ẹ bá gbà á, ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Bí kò bá yé yín, ẹ tún ọmọ náà gún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé pòròpórò kaná fún ọmọ tí orí ń fọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.